J.M. Barrie: Bí ikú ẹ̀gbọ́n ṣe di ìtàn ọmọ tí kì í dàgbà

Ọmọ ọdún 6 ni J.M. Barrie nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nílé wọn ní Kirriemuir, lórílẹ̀-èdè Scotland.

Ní oṣù Kínní ọdún 1867, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, David, ṣubú níbi tó ti ń ṣeré lórí omi dídì, ó sì kú. Ó ku ọjọ́ kan péré kó pé ọmọ ọdún 14.

Ìyá wọn kọ ìpẹ̀. Barrie wọ aṣọ olóògbé, ó ń súfèé bíi tirẹ̀, kó lè tu ìyá nínú. Ohun tó rọ ìyá lọ́kàn ni pé ọmọdé ni David yóò máa jẹ́ títí láé.

Èrò yìí ló hàn nínú Peter Pan, eré tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní London lọ́dún 1904. Ṣùgbọ́n nígbà tí Peter padà sílé, fèrèsé ti wà ní títì, ọmọ mìíràn sì ti gba ibùsùn rẹ̀.

Lọ́dún 1929, Barrie fi ẹ̀tọ́ ìtàn náà ta ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé Great Ormond Street lọ́rẹ. Ó jáde láyé lọ́dún 1937.