Dúró Ládiípọ̀, Ọmọ Ilé Ìlù

Kò sí ọmọ Kétu, Ṣábẹ̀ tàbí Àjàṣẹ́ tí yóò gbọ́ ìró bàtá tí kò ní mọ̀ pé ìlù Ṣàngó ni. Bí ọdún wa ti tún dé yìí, ó yẹ kí á rántí ọkùnrin kan tí ó gbé bàtá dé ìlú òyìnbó, tí kò sì sọ ọ́ di ohun yẹ̀yẹ́.

Òṣogbo ni wọ́n ti bí Dúró Ládiípọ̀. Katikíìsì ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n onílù ni bàbá bàbá rẹ̀. Ọmọ ilé méjì ni. Ó ṣe olùkọ́, ó sì ń kọ orin fún ìjọ.

Ẹni tí ó bá ti kọ orin ìsìn àtijọ́ yóò mọ ohun tí ó ń wá. Ohùn òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá: ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ sókè, orin a máa lọ sílẹ̀, ìtumọ̀ a sì dàrú. Dùndún kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ahọ́n ti sọ ọ́ ni awọ ń sọ ọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1961, Ládiípọ̀ ṣe orin ọdún Àjíǹde fún ìjọ All Saints ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù ilẹ̀ wa sí i. Ariwo ta. Wọ́n ní ìlù abọ̀rìṣà kò yẹ ilé Ọlọ́run. N kò bú wọn o. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ojúbọ sílẹ̀ lè máa bẹ̀rù kí ìlù má pè é padà.

Ládiípọ̀ gbé ìlù rẹ̀ jáde. Ó ní ilé ọtí kan ní Òṣogbo. Ní ọdún 1962, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, ará Jámánì, ó sọ ọ́ di ilé eré. Mbari, ọ̀rọ̀ Ígbò, ni wọ́n fẹ́ pè é. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ní bí mo bá rí i mà á yọ̀, ni ó bá di Mbari Mbayo. Kí àwọn aláṣẹ ìlú wa jọ̀wọ́ fiyè sí èyí: ilé ọtí ni, kì í ṣe ààfin, ṣùgbọ́n àwọn onílù rí ibi tí wọn yóò máa pàdé. Àwọn onílù tiwa, abẹ́ igi ni wọ́n ṣì wà.

Ọba Mọ́rọ̀ ni wọ́n fi ṣí ilé náà. Ní ọdún 1963 ni Ọba Kò So dé, ìtàn Ṣàngó pẹ̀lú Tìmì àti Gbọ̀ńkáà. Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ṣàngó. Kò fi ojú kékeré wo iṣẹ́ náà: ó lọ kọ́ oríkì lọ́dọ̀ àwọn olórìṣà, ó sì pe àwọn tí wọ́n bí sídìí ìlù. Nínú eré rẹ̀, ìlù kì í ṣe ohun tí a ń lù kí ojú agbo má baà tutù. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, omele ń gbè é, ẹsẹ̀ òṣèré sì ń dáhùn.

Wọ́n ṣe é ní Berlin ní ọdún 1964, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà ní 1975. Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é níbẹ̀ náà.

Ládiípọ̀ kú ní oṣù kẹta ọdún 1978. Abíọ́dún, ìyàwó rẹ̀ tí ó máa ń ṣe Ọya nínú Ọba Kò So, ni ó kó àwọn òṣèré àti onílù náà jọ lẹ́yìn rẹ̀, tí eré náà kò fi parun.