Penda Mbaye: Alásè tí wọ́n ní òun ló kọ́kọ́ se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù

Agbára káká ni wọn yóò fi ṣe ìnáwó nílùú Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn lónìí tí ìkòkò ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kò ní í wà lórí iná igi lẹ́yìnkùlé, bí àmàlà tilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Orúkọ oúnjẹ náà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Wolof ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, tí wọ́n ní ìjọba Jolof láyé àtijọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti ẹni tó kọ́kọ́ sè é, orúkọ Penda Mbaye ni wọ́n máa ń dá níbẹ̀.

Ìlú Saint-Louis, tí àwọn Faransé tẹ̀dó sí ẹnu odò Sẹ̀nẹ̀gàl ní 1659, ni obìnrin yìí gbé. Ìtàn tó ti ìran dé ìran sọ pé alásè ni ní ilé gómìnà òyìnbó. Ọkà báálì ni wọ́n ní ó máa ń sè pẹ̀lú ẹja, àfi lọ́jọ́ tí báálì tán nílé, tó bu ìrẹsì dípò rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi tòmátì kún un, oúnjẹ náà sì pọ́n rokoṣo.

Ìrẹsì ọ̀hún ní ìtàn tirẹ̀. Ẹ̀pà ni Faransé ń wá fún òróró, ìyẹn ló jẹ́ kí oko jéró àti ọkà bàbà dín kù ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Wọ́n wá ń kó ìrẹsì rírún wá láti Indochina, ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Éṣíà, láti fi dí àlàfo náà.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ ìtàn James McCann gbà pé àwọn oníṣòwò Djula láti ilẹ̀ ọba Mali ló gbé oúnjẹ náà káàkiri. Nígbà tí àjọ UNESCO kọ ceebu jën, ìrẹsì ẹlẹ́ja Sẹ̀nẹ̀gàl, sínú ìwé àjogúnbá ní 2021, àwọn apẹja Saint-Louis ni wọ́n ní ó ti ọ̀dọ̀ wọn ṣẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìyàwó apẹja kan ti máa sè é ṣáájú, ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ orúkọ rẹ̀? Ilé gómìnà ni ti Penda Mbaye ti jáde.

Àwọn ará Nàìjíríà àti Gánà ṣì ń jà lórí ẹni tó mọ̀ ọ́n sè jù. Ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ẹni tó bá fẹ́ jẹ èyí tó pọ́n, ceebu jën Penda Mbaye ni yóò bèèrè.