David Bushnell: ọkùnrin tó fi igi jíjẹrà ríran lábẹ́ omi

Ẹ̀yin tí fóònù yín ti já sómi rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ojú fóònù á ṣókùnkùn, àyà èèyàn á já. Tó bá wá jẹ́ pé abẹ́ omi gan-an lẹ wà ńkọ́, nínú ọkọ̀ tí ẹ fọwọ́ ara yín kàn, tí ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ẹ dé fún yín wá ṣókùnkùn? Ẹ̀mí ló kù tó fẹ́ lọ yẹn o. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n sọ ìtàn David Bushnell fún yín.

Ọdún 1740 ni wọ́n bí i ní Saybrook, ní Connecticut, l'Ámẹ́ríkà. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó ta ìpín tirẹ̀ nínú oko, ó sì wọ iléèwé gíga Yale lọ́dún 1771. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà yẹn. Ẹni tó bá ń sọ pé ọjọ́ orí òun ti lọ, ẹ bá mi fi èyí hàn án.

Yale ló ti fi hàn pé ẹ̀tù lè bú gbàù lábẹ́ omi. Lọ́dún 1775 tí ogun bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó kan ọkọ̀ abẹ́ omi kan tí wọ́n ń pè ní Turtle, ìyẹn Ìjàpá. Pákó oak ni, wọ́n fi òrùka irin dè é, wọ́n fi ọ̀dà kùn ún. Ẹnì kan péré ló ń gbà, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lọ.

Báwo ni ẹni tó wà nínú rẹ̀ á ṣe mọ bí òun ṣe jìn tó? Ibí yìí ni Bushnell ti wú mi lórí jù. Ó mú ọ̀pá gíláàsì kan, ó dí i lókè, ó jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ já sí omi ìta. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń rì, bẹ́ẹ̀ ni omi á máa ti afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá náà sókè, kọ́ọ̀kì tó léfòó níbẹ̀ á sì máa gòkè. Íńṣì kan dúró fún nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6. Kò bá agbára omi jà, agbára omi náà ló sọ di ẹ̀rọ. Irú ọgbọ́n yìí náà ni àwọn tó ń fi òróró kún inú àpótí ẹ̀rọ abẹ́ omi lónìí ń lò, kí omi má baà fọ́ ọ.

Iná wá ńkọ́? Àbẹ́là á jẹ afẹ́fẹ́ tán. Ló bá lo igi jíjẹrà tí olú kan máa ń mú tàn lókùnkùn, ó fi sára kọ́ọ̀kì àti kọ́ńpáàsì. Àmọ́ nígbà tí òtútù dé, igi ò tàn mọ́. Iṣẹ́ dúró. Wọ́n tiẹ̀ ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá àwọn bi Benjamin Franklin bóyá ó mọ iná míì.

Oṣù Kẹsàn-án 1776 ni Ìjàpá jáde ní New York. Àbúrò Bushnell tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á ń ṣàìsàn, ni sájẹ́ǹtì Ezra Lee bá bọ́ sí i. Ó dé abẹ́ ọkọ̀ ogun HMS Eagle, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ fi kan ẹ̀tù mọ́ ọn kọ̀, kò wọlé. Nígbà tó ń padà bọ̀, kọ́ńpáàsì rẹ̀ ò wúlò mọ́, ó di kó máa yọrí síta ní gbogbo ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó mọ̀nà. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí i nìyẹn. Ó ju ẹ̀tù náà sílẹ̀ kó tó ráyè sá.

Lẹ́yìn ogun, Bushnell lọ sí Georgia, ó yí orúkọ padà sí Dókítà Bush, ó ń kọ́ ọmọ níwèé, ó ń wo aláìsàn. Ìgbà tó kú làwọn ará ibẹ̀ tó mọ ẹni tó jẹ́.

Tèmi ni pé ọkọ̀ rẹ̀ ò jò pa ẹnikẹ́ni lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tí Lee ò rí kà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ kan nǹkan nílé, ẹ kọ́kọ́ dáàbò bo ohun tí ẹ máa fi mọ ibi tí ẹ wà.