Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther: Onírẹ̀lẹ̀ Tí Kì í Ṣe Ojo

Nígbà tí a bá ń wàásù nípa ìrẹ̀lẹ̀, ẹni tí ó sábà máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, tí ó gbà kí gbogbo ayé tẹ òun mọ́lẹ̀. A fẹ́ fi ìgbésí ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther yẹ èrò yìí wò.

Òṣoògùn ni a bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1807. Ogun kó ìlú náà ní 1821, Àjàyí sì di ẹrú. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní oṣù Kẹrin, ọdún 1822, tí ó gbé e lọ sí Freetown. Níbẹ̀ ni ó ti kàwé, tí ó sì ṣe ìrìbọmi ní 1825. Ó di àlùfáà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1843. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta, ó sì tún fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25.

Nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì ni a ti kọ́kọ́ rí ìwà rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé yìí a máa jókòó ti àwọn àgbà tí kò mọ ìwé, àti àwọn tí ń bọ òrìṣà pàápàá, a máa tẹ́tí sí bí wọ́n ti ń fi òwe gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ní tiwa, a gbà pé ibẹ̀ ni adùn Bíbélì Yorùbá ti wá.

Nígbà tí Henry Venn, akọ̀wé CMS, ní kí ó di bíṣọ́ọ̀bù, Crowther kò fẹ́. Ó mọ̀ pé inú àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kan kò ní dùn sí i. Henry Townsend ní Abẹ́òkúta ti ń ta ko kí aláwọ̀ dúdú máa ṣe olórí òyìnbó. Venn rọ̀ ọ́ gidigidi kí ó tó gbà. A yà á sí mímọ́ ní Kàtídírà Canterbury ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, ọdún 1864. Henry Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ ogun tí ó gbà á sílẹ̀ ní 1822, wà níbẹ̀.

Oyè ńlá ni, ṣùgbọ́n wọn kò fi Èkó àti Abẹ́òkúta sábẹ́ rẹ̀, kí àwọn òyìnbó ibẹ̀ má baà wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá di bíṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀ baba rẹ̀ kò sì sí lábẹ́ ọ̀pá rẹ̀! Crowther gbà bẹ́ẹ̀, ó sì gba ẹ̀bá Odò Ọya lọ síṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá jù nìyí. Venn kú ní 1873. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó míṣọ́nnárì dé, tí wọ́n ń fẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú. A kò ní bò ó mọ́lẹ̀: àwọn òṣìṣẹ́ kan hùwà tí kò tọ́, bàbá náà sì máa ń lọ́ra láti bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1890, nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ ìnáwó ní Ọ̀nìchà, akọ̀wé ìgbìmọ̀ dá àwọn àlùfáà kan dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú bíṣọ́ọ̀bù wọn, arúgbó tí ó ti lé ní ẹni 80 ọdún. Ọmọ bíbí rẹ̀, Dandeson, wà lára wọn.

Bàbá kò dákẹ́. Ó bi akọ̀wé náà nípa àṣẹ tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fipò sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà. Oyè bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni kò jọ̀wọ́. Inú bí àwọn kan ní Èkó débi pé wọ́n dá ìjọ tiwọn, United Native African Church, sílẹ̀ ní 1891, ṣùgbọ́n Crowther kò bá wọn lọ. Ohun tí ó gbájú mọ́ ni bí àwọn ìjọ ẹnu odò yóò ṣe máa gbọ́ bùkátà ara wọn láìgba owó CMS.

Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, ọdún 2014, tí ó pé ọdún 150 tí a yà á sí mímọ́, Justin Welby, tí ó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury nígbà náà, dúró nínú kàtídírà kan náà, ó sì tọrọ àforíjì lórí ohun tí a ṣe sí bàbá náà.