Gunpei Yokoi: Ẹnjiníà tó fi ohun tó ti di àtijọ́ ṣe géèmù fún gbogbo ayé

Bí ẹ bá rí ọmọdé tó jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá, tó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rọ géèmù pẹlẹbẹ mú, tó ń fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì tó rí bí àgbélébùú, tí wọ́n ń pè é kó wá jẹun tí kò dáhùn, ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ bínú sí ti kú láti ọdún 1997. Gunpei Yokoi lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Japan ni.

Ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1941 ni wọ́n bí i nílùú Kyoto. Ìmọ̀ ẹ̀rọ mànàmáná ló kọ́ ní Yunifásítì Doshisha, nílùú Kyoto kan náà. Lọ́dún 1965, ó ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ Nintendo. Ẹ má rò pé iléeṣẹ́ géèmù ni nígbà náà o. Káàdì tí àwọn ará Japan fi ń ta tẹ́tẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀ láti ọdún 1889, wọ́n sì gba Yokoi kó lè máa tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣe káàdì ọ̀hún. Bí ẹ̀rọ ò bá ti bàjẹ́, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ nìyẹn.

Níbi tọ́wọ́ rẹ̀ ti dilẹ̀ yìí ló ti fi ọgbọ́n orí ṣe ọwọ́ àtọwọ́dá kan tó ń nà jáde béèyàn bá fún ìdí rẹ̀ pọ̀, tó sì ń gbá ohun tó jìnnà mú. Ọ̀gá àgbà, Hiroshi Yamauchi, rí i lọ́wọ́ rẹ̀. Kàkà kó lé e lẹ́nu iṣẹ́, ó ní kó sọ ọ́ di ohun ìṣeré tí wọn á máa tà. Ultra Hand ni wọ́n pè é lọ́dún 1966, iye tí wọ́n sì tà lé ní mílíọ̀nù kan. Látìgbà náà ni Yokoi ti kúrò nídìí àtúnṣe ẹ̀rọ.

Ohun tó gbà gbọ́ kò le rárá. Ní tiẹ̀, kò dìgbà téèyàn bá lo ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tówó rẹ̀ ga sókè, kó tó ṣe nǹkan tuntun. Èyí tó ti di àtijọ́, tó ti wọ́pọ̀ lọ́jà, tí gbogbo ẹnjiníà ti mọ inú rẹ̀ mọ ẹ̀yìn rẹ̀, ni kéèyàn mú, kó wá ibi tẹ́nìkan ò tíì lò ó sí. Lọ́dún 1972, ó ṣe mọ́tò ìṣeré onírẹ́mootù. Irú rẹ̀ wọ́n gógó nígbà náà, ni Yokoi bá ń yọ ohun tó ń mú un wọ́n kúrò, títí tó fi ku mọ́tò tí kò lè yà síbòmíì àfi apá òsì. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ rántí pé ẹni tó ń sá eré yípo pápá, apá òsì náà ló ń yà sí.

Inú ọkọ̀ ojú irin ni ìmọ̀ràn tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ti wá. Ó rí òṣìṣẹ́ kan tí ara ń ni, tó ń fi kàkúlétọ̀ ṣeré láti fi pa àkókò. Nígbà yẹn, ìdíje àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe kàkúlétọ̀, àgàgà Sharp àti Casio, ti jẹ́ kówó ẹ̀rọ náà wálẹ̀ gan-an. Yokoi rò ó pé bí ojú kékeré yẹn bá lè gbé nọ́ńbà jáde, ó lè gbé eré jáde. Lọ́jọ́ kan tó ń wa Yamauchi lọ sípàdé, ó fi ọ̀rọ̀ náà tó o létí, kò sì pẹ́ táwọn ará Sharp fi wá jókòó ìpàdé. Game & Watch, géèmù tó tún jẹ́ aago, jáde lọ́dún 1980. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣíwọ́, wọ́n ti tà ju mílíọ̀nù 43 lọ. Ọ̀kan nínú wọn, tọdún 1982, ni bọ́tìnnì àgbélébùú yẹn ti kọ́kọ́ yọjú.

Òun náà ló dúró ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Shigeru Miyamoto nígbà tó ń ṣe géèmù Donkey Kong lọ́dún 1981.

Iṣẹ́ tó ju gbogbo iṣẹ́ lọ ni Game Boy, tó jáde lóṣù Kẹrin, ọdún 1989. Ká sòótọ́, kò dùn ún wò. Ojú rẹ̀ ò láwọ̀ kankan àfi bíi ti ewé tó ń gbẹ, kò sì ní iná nínú. Ẹ jẹ́ ká fún Satoru Okada, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ní ẹ̀tọ́ tiẹ̀ o: òun ló ní ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ lágbára ju bí Yokoi ṣe rò ó lọ, wọ́n fà á títí, Yokoi sì gbà fún un. Àmọ́ lórí ojú tí kò láwọ̀ yìí, Yokoi ò yẹsẹ̀. Àwọn orogún wọn, Atari àti Sega, gbé tiwọn jáde pẹ̀lú àwọ̀ mèremère, ṣùgbọ́n bátìrì mẹ́fà ni wọ́n ń jẹ, láàárín wákàtí mélòó kan péré ni gbogbo rẹ̀ sì ti kú. Bátìrì kékeré mẹ́rin ni Game Boy ń lò, ó sì ń ju wákàtí mẹ́wàá lọ. Òbí tó ń ra bátìrì kò nílò àlàyé. Tá a bá ka èyí tó láwọ̀ tó tẹ̀ lé e mọ́ ọn, wọ́n tà ju mílíọ̀nù 118 lọ.

Virtual Boy ọdún 1995 ló bà á lójú jẹ́. Géèmù téèyàn ń ki ojú bọ̀ ni, pupa àti dúdú nìkan ló ń gbé jáde, orí sì ń fọ́ àwọn kan tó fi ṣeré. Èyí tí wọ́n tà kò tó mílíọ̀nù kan. Lóṣù Kẹjọ, ọdún 1996, lẹ́yìn ọdún 31, Yokoi fi Nintendo sílẹ̀. Àwọn èèyàn ní ìtìjú ló lé e, òun ní ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn òun láti dá dúró. Ó dá iléeṣẹ́ tiẹ̀, Koto, sílẹ̀ ní Kyoto, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ tuntun pẹ̀lú iléeṣẹ́ Bandai.

Kò rí òpin rẹ̀. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹwàá, ọdún 1997, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Hokuriku, ní agbègbè Ishikawa, mọ́tò tó wà nínú rẹ̀ kọlu ọkọ̀ akẹ́rù kan. Kì í ṣe ìjàmbá ńlá. Yokoi sọ̀ kalẹ̀ láti wo ibi tó bàjẹ́, ni mọ́tò mìíràn tó ń kọjá bá gbá a. Ẹni ọdún 56 ni.

Bandai gbé ẹ̀rọ náà, WonderSwan, jáde lóṣù Kẹta, ọdún 1999. Ojú rẹ̀ ò láwọ̀, bátìrì kan ṣoṣo ló sì ń lò. Ọ̀kan lára àwọn géèmù àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún un, Gunpei ni wọ́n sọ ọ́.