Eric Liddell, Sárésáré Ọmọ Ajíhìnrere

Ìtàn ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá ni mo fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí. Síbẹ̀, àwa tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀, tí à ń gbọ́ èdè baba wa nínú ilé, tí à ń gbọ́ ti ẹlòmíràn lójú pópó, a ó rí ohun tó jọ tiwa nínú rẹ̀.

Ìlú Tientsin ní ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n bí Eric Liddell sí ní ọjọ́ 16, oṣù kìíní, ọdún 1902. Ọmọ Skọ́tíláǹdì ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ìhìnrere ló gbé wọn dé ọ̀hún. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n mú òun àti Rob ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ajíhìnrere ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn òbí sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ọdún gorí ọdún kí wọ́n tó tún fojú kan ara wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ó ń bọ̀ wá kan àwọn ọmọ tirẹ̀ náà.

Orí pápá ni ọmọ yìí ti rí ayọ̀. Nígbà tó wọ Yunifásítì Edinburgh ní 1920, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá débi pé ó gbá bọ́ọ̀lù rọ́gíbì fún Skọ́tíláǹdì nígbà méje. Bó ṣe ń sáré kò dùn ún wò rárá: yóò gbé orí sẹ́yìn, yóò la ẹnu sílẹ̀, yóò máa ju apá kiri bí ẹni tó ń lé oyin. Ní oṣù keje 1923, ó ń sá eré 440 yáàdì ní Stoke nígbà tí ẹnì kan kọ lù ú. Ó ṣubú, àwọn yòókù sì ti lọ jìnnà kó tó dìde. Ó lé wọn bá, ó sì gba ipò kìíní. Ọdún yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí wàásù ní gbangba, tí àwọn tí kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì ń wá gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lẹ́nu sárésáré.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wo Chariots of Fire, fíìmù tó jáde ní 1981, ẹ ó rò pé inú ọkọ̀ ojú omi, lọ́nà Paris, ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ọjọ́ Àìkú ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ eré 100 mítà ní Òlíńpíìkì 1924. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ̀ láti oṣù mélòó kan ṣáájú, ó sì ti ní òun kò ní sá a, nítorí ọjọ́ Olúwa ni. Eré tó mọ̀ jù lọ nìyẹn o! Inú àwọn kan kò dùn sí i. Kò bá ẹnikẹ́ni jà; eré 200 àti 400 mítà ló múra sí. Ní ọjọ́ 6, oṣù keje, tí àwọn yòókù ń sá 100 mítà, òun kò sí lórí pápá. Harold Abrahams ló gba wúrà eré náà fún Bìrìtìkó. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Eric ṣe ipò kẹta nínú 200 mítà. Lọ́jọ́ 11, wọ́n fún un ní ojú ọ̀nà tó wà lẹ́bàá òde pátápátá fún 400 mítà, níbi tí kò ti lè rí àwọn tó ń bá a díje. Ó kàn ki eré mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń sá 100 mítà. Wọ́n rò pé yóò rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. Kò rẹ̀ ẹ́, 47.6 ìṣẹ́jú àáyá ló fi sá a, ẹnikẹ́ni kò sì sá a tó bẹ́ẹ̀ rí ní Òlíńpíìkì.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí Ṣáínà. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, mélòó nínú wa ni yóò fi irú òkìkí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 23? Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Tientsin, ó ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá, ó sì ń darí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ní 1932, wọ́n fi í joyè àlùfáà. Ní 1934, ó gbé Florence Mackenzie níyàwó, ọmọ àwọn ajíhìnrere láti Kánádà. Wọ́n bí Patricia, wọ́n bí Heather.

Ní 1937, tí ogun Japan bẹ́ sílẹ̀, ó lọ ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko Siaochang, níbi tí Rob ti jẹ́ dókítà. Kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀ ló fi ń kiri abúlé, láàárín ọmọ ogun méjèèjì. Ní 1941, ọ̀rọ̀ náà le débi pé ó ní kí Florence, tó wà nínú oyún, kó àwọn ọmọ lọ sí Kánádà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Maureen sí. Eric kò fojú kan ọmọ náà títí ó fi kú.

Ní 1943, àwọn ará Japan kó òun àti àwọn àlejò mìíràn sí àgọ́ àtìmọ́lé ní Weihsien. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ló wà níbẹ̀ láìsí bàbá, láìsí ìyá, Eric sì di bọ̀ọ̀dá gbogbo wọn. Ó ń kọ́ wọn níwèé, ó ń tún igi họ́kì wọn ṣe, ó ń kọ́ wọn láti gbàdúrà fún ọ̀tá. Ṣùgbọ́n kò sí eré lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn ọmọ kò rí nǹkan ṣe. Wọ́n gbá họ́kì fúnra wọn, ó sì di ìjà. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Eric fúnra rẹ̀ ló jáde wá ṣe rẹfirí. Lójú tèmi, èyí ju ti Paris lọ. Ní Paris, wúrà ló fi sílẹ̀. Níhìn-ín, ohun tó tìtorí rẹ̀ fi wúrà sílẹ̀ ló gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí ọmọ ọlọ́mọ.

Orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ. Wọ́n rò pé àárẹ̀ ni, àṣé kókó ló wú nínú ọpọlọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 21, oṣù kejì, 1945, ó kọ lẹ́tà sí Florence, ó sì kú lọ́jọ́ náà gan-an, ní ọmọ ọdún 43. Ní oṣù kẹjọ ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tú àgọ́ náà sílẹ̀. Oṣù karùn-ún ni ìròyìn ikú ọkọ rẹ̀ tó dé etí Florence ní Kánádà. Ó tọ́ àwọn ọmọbìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dàgbà. Ẹnu àwọn ẹlòmíràn sì ni Maureen ti mọ ẹni tí baba rẹ̀ jẹ́.