W. E. B. Du Bois àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Mẹ́ta

Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ bá ń lọ sí òpin, ìbéèrè kan a máa bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa lórí ibùsùn: níbo ni kí n gbà lọ láti ìhín? Ẹni tí ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo níwájú, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rọrùn. Ẹni tí ó rí méjì tàbí mẹ́ta, tí owó kò sì tó, òun ni ìrònú ń bá jà. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí a gbọ́ ìtàn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ó la irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kọjá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí a sì wo ohun tí ó fi ṣe òṣùwọ̀n nígbà tí ó ń yàn.

A bí William Edward Burghardt Du Bois ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì, ọdún 1868, ní Great Barrington, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà. Kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ nígbà náà tí a ti fi òpin sí oko-ẹrú ní ilẹ̀ náà. Bàbá rẹ̀ ti fi ilé sílẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní kékeré. Ìyá rẹ̀, tí ara rẹ̀ kò le, ni ó ń ṣe iṣẹ́ nílé onílé láti fi tọ́ ọ. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, Frank Hosmer, rí i pé orí ọmọ náà pé, ó sì gbà á níyànjú láti kọ́ èdè Látìn àti èdè Gíríìkì, kí ó lè yẹ fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ní 1884 ó parí ẹ̀kọ́ níbẹ̀, òun nìkan sì ni aláwọ̀ dúdú láàrin àwọn tí ó bá a jáde.

Harvard ni ọkàn rẹ̀ fà sí láti ìgbà èwe. Òun ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó pẹ́ jùlọ ní Amẹ́ríkà. A dá a sílẹ̀ ní 1636, inú ìpínlẹ̀ tí a bí Du Bois sí gan-an ni ó sì wà. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kú, kò sì sí owó. Hosmer àti àwọn ìjọ Kristi mélòó kan dá owó jọ fún un, ṣùgbọ́n Fisk ni wọ́n ní kí ó lọ, ní Nashville ní ìhà gúsù, ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1866 fún àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lóko ẹrú àti àwọn ọmọ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ àwọn ìbátan rẹ̀ nínú. Lójú wọn, ọmọ àríwá ni. Kí ni ó fẹ́ lọ wá ní ilẹ̀ tí a ti fi àwọn bàbá ṣe ẹrú? Ṣùgbọ́n Du Bois fi ayọ̀ lọ ní 1885, nítorí ó ń fẹ́ mọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Kò sọ ìrètí Harvard nù. Ó kàn fi í pamọ́ ni.

Ohun tí ó rí ní Fisk, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn nínú àwọn tí ó lọ tí ì bá fi hàn án. Ní Great Barrington àwọn aláwọ̀ dúdú kò pọ̀. Ní Nashville ó wà láàrin ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin bí tirẹ̀, tí wọ́n ń kàwé tí wọ́n sì ní ìrètí. Ní ìgbà ooru 1886 àti 1887 ó jáde lọ sí ìgbèríko Tennessee láti ṣe olùkọ́. Kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ fi etí sí èyí: ilé onígi kan tí a ti ń kó àgbàdo pamọ́ sí tẹ́lẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ náà, àga gbọọrọ tí àwọn ọmọ ń jókòó lé kò ní ibi ìfẹ̀yìntì, àga tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ń lò, ọwọ́ obìnrin tí ó wọ̀ sílé rẹ̀ ni ó ti yá a, alaalẹ́ ni ó sì ń dá a padà. Àwọn ọmọ náà ní ìtara, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oko a máa fà wọ́n kúrò nídìí ìwé. Láti ìgbà náà lọ ni Du Bois ti mọ àwọn tí òun ń kàwé nítorí wọn.

Ní 1888 ó gba oyè B.A. ní Fisk. Harvard gbà á wàyí, ṣùgbọ́n wọn kò ka oyè náà sí. Wọ́n ní kí ó wọ ọdún kẹta nínú ọdún mẹ́rin, kí ó sì tún gba B.A. lẹ́ẹ̀kejì. Ẹlòmíràn ì bá fi ìbínú padà. Òun gbà, nítorí ó mọ ohun tí ó wá: àwọn olùkọ́ bíi William James nínú ẹ̀kọ́ filọ́sọ́fì àti Albert Bushnell Hart nínú ìtàn, pẹ̀lú ilé ìkàwé ńlá. Wọn kò gbà á sínú ẹgbẹ́ akọrin. Ilé obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ni ó gba yàrá sí. Ó ti pinnu pé òun kì yóò béèrè ìbákẹ́gbẹ́ lọ́wọ́ Harvard, ẹ̀kọ́ ni òun yóò béèrè, ó sì rí i gbà. Nígbà tí James kìlọ̀ fún un pé filọ́sọ́fì kì í tètè bọ́ ẹni, ó yí ojú sí ìtàn àti ọ̀ràn àwùjọ. Ó gba B.A. pẹ̀lú ọlá ní 1890, ó sì gba M.A. ní 1891.

Níhìn-ín ni ìyàn tí ó le jùlọ dé. Ó lè dúró ní Harvard títí yóò fi gba oyè dókítà. Ọ̀nà náà tẹ́jú níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìgbà náà, Jámánì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà ti lọ mu omi ìmọ̀, Du Bois sì fẹ́ mu ún ní orísun. Àpò owó kan wà tí a ń pè ní Slater, tí a dá sílẹ̀ ní 1882 fún ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Alága rẹ̀ ni Rutherford Hayes, ẹni tí ó ti jẹ Ààrẹ Amẹ́ríkà rí. Ní 1890 ìròyìn tàn ká pé Hayes ní àwọn ṣetán láti rán aláwọ̀ dúdú tí ó bá yẹ lọ sí Yúróòpù, ṣùgbọ́n pé àwọn kò tíì rí ọ̀kan. Du Bois kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní ètò náà kò sí mọ́. Ó tún kọ̀wé, ó sì sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n pé ohun tí wọ́n sọ ní gbangba ti ba àwọn ènìyàn òun lórúkọ jẹ́. Ní 1892 wọ́n fún un ní 750 dọ́là, ìdajì rẹ̀ ẹ̀bùn, ìdajì rẹ̀ gbèsè.

Ní Berlin ó jókòó lábẹ́ Gustav Schmoller àti Adolph Wagner. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ pé kí ènìyàn tó dá àbá lórí ìṣòro àwùjọ, kí ó kọ́kọ́ kó òtítọ́ jọ, kí ó kà á, kí ó sì wọ̀n ọ́n. Ó kọ ìwé ní èdè Jámánì lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní gúsù Amẹ́ríkà, ní ìrètí oyè dókítà. Slater fún un ní owó ọdún kejì. Ṣùgbọ́n òfin yunifásítì náà béèrè àkókò tí ó ju èyí tí ó ti lò níbẹ̀ lọ. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ bá a bẹ̀bẹ̀, òfin kò yẹ̀. Slater sì kọ̀ láti fún un ní owó ọdún kẹta. Ní 1894 ó wọkọ̀ padà sí Amẹ́ríkà, ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí àwọn tálákà ń wọ̀, láìgba oyè tí ó tìtorí rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ wá. Wilberforce ní Ohio fi iṣẹ́ olùkọ́ lọ̀ ọ́ ní 800 dọ́là lọ́dún, ó sì gbà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ilé-ẹ̀kọ́ Lincoln ní Missouri fi 1,050 dọ́là lọ̀ ọ́, Tuskegee ti Booker Washington náà sì pè é. Ṣùgbọ́n ó ti fún Wilberforce ní ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì yẹ̀ ẹ́.

Ní ti oyè, àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Du Bois gbé ìwé mìíràn tọ Harvard lọ, lórí bí a ti ṣe fi òpin sí kíkó ẹrú láti Áfríkà lọ sí Amẹ́ríkà, òwò tí ó kó ènìyàn ní etíkun tiwa náà. Ní 1895 ó di dókítà, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí Harvard fi oyè náà fún láàrin àwọn ọmọ Amẹ́ríkà. Ní 1896 ìwé náà di àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ ìwé ìtàn tí Harvard ń tẹ̀.

Èso àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní Philadelphia ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń béèrè bí àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń gbé àti ohun tí wọ́n ń jẹ mọ́, ìwé tí ó ti ibẹ̀ wá sì jáde ní 1899. Ó ṣe olùkọ́ ní Atlanta láti 1897 dé 1910. Ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ NAACP sílẹ̀ ní 1909. Ó pe àpéjọ àwọn ọmọ Áfríkà ní Paris ní 1919. Ní 1961 ó kó wá sí Ghana, Accra ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, 1963, ní ẹni ọdún 95. Kí ó tó kú, ní 1958, yunifásítì Berlin náà, tí a ti ń pè ní Humboldt nígbà náà, fi oyè dókítà ọlá dá a lọ́lá, lẹ́yìn ọdún 64 tí ó ti kúrò níbẹ̀ ní ọwọ́ òfo.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ wò ó. Fisk fi àwọn ènìyàn rẹ̀ hàn án. Harvard fún un ní ìwé. Berlin kọ́ ọ bí a ti ń wádìí òtítọ́. Kò béèrè lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú wọn ju ohun tí ó ní lọ, kò sì fi ohun tí ọ̀kan kò ní kọ èyí tí ó ní. Èyí tí kò wá ní ọwọ́ ara rẹ̀ ni Fisk, síbẹ̀ òun ni ó sọ ohun tí ó yẹ kí ó fi àwọn méjì yòókù ṣe fún un. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nígbà tí ìwé ìpè méjì bá dé bá ọ, tàbí tí èyí tí o ń retí kò dé rárá, rántí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń gbé àga àyálò padà fún onílé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí o sì kọ́kọ́ bi ara rẹ léèrè pé nítorí àwọn wo ni mo fi ń kàwé.